Àwọn Tó Ń Wá Àyè Kiri

Wọ́n tún ti tún un ṣe. Ọmọ ọmọ mi, Hàníífà, ló gbé fóònù wá bá mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà, ó ní, "Màmá, ẹ wò ó, fíìmù yín ti dé o, tuntun ni." Mo nu ọwọ́, mo wá awò ojú mi. Ọkọ̀ ńlá kan yọ nínú òkùnkùn, òkùnkùn náà sì ṣú débi pé n kò mọ ibi tí ọkọ̀ parí sí àti ibi tí sánmà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó wà nílé ọ̀fọ̀. Kápútéènì wọn, tó jẹ́ pé ẹ̀rín ni a fi mọ̀ ọ́n láyé ìgbà tiwa, ń fajú ro. Mo wò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ní kí Hàníífà bá mi pa á. Ó ní, "Ṣé kò dùn ni?" Mo ní ó dùn. Mo ní ohun tí kò yé mi ni pé, kí ló bàjẹ́ lára ti tẹ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń tún un ṣe?

Ẹ má rò pé arúgbó tó kórìíra ohun tuntun ni mí o. Kò sí fíìmù ọkọ̀ ojú sánmà kan, kò sí ti ẹ̀rọ tó ń rìn bí èèyàn, kò sí ti ẹ̀dá abàmì tó ti ayé mìíràn wá, tí wọ́n tún ṣe tí n kò wò. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá àwọn ti dá gbogbo àwọn aṣefíìmù lẹ́jọ́ tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni àlàyé. Láyé ìgbà tiwa, Kápútéènì kàn wà ni. Ó wà nínú ọkọ̀, ó ń wá ọ̀nà ilé, ó tán. Ti òde òní, wọ́n á kọ́kọ́ fi odidi wákàtí kan sọ bí wọ́n ṣe bí i, ẹni tó pa bàbá rẹ̀, àti ìdí tó fi ń fi ọwọ́ òsì mu tíì. Ta ló bi wọ́n? Ẹ̀rọ arìnbíèèyàn tiwa, páànù ni wọ́n fi ṣe é. Bó bá yíjú padà, a máa ń rí bàtà ọkùnrin tó wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ a sunkún lọ́jọ́ tó jábọ́. Ti ìsinsìnyí ń dán yinrin, bó bá sì jóná lójú mi báyìí, ẹ̀wà mi ni n ó máa ṣà lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi obìnrin ṣe Kápútéènì nínú àtúnṣe tó ṣáájú eléyìí, tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pariwo pé wọ́n ti ba nǹkan jẹ́, èmi ò bá wọn pariwo. Kí ló kàn mí níbẹ̀? Kápútéènì tí èmi mọ̀, ọmọ Lálúpọn ni.

Lálúpọn ni mo ti mọ̀ ọ́n, nínú agbo ilé bàbá mi, lọ́dún tí ẹ̀gẹ́ ta débi pé a kò rí àpò kó o sí mọ́. Gàrí ni iṣẹ́ ilé wa. Bí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán, ohun tí èèyàn á kọ́kọ́ gbọ́ ni ọ̀bẹ lára èèpo ẹ̀gẹ́, kẹ́rẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ọjà á wá gbóhùn sókè, tí àwọn ìyá á máa fi igbe bá ara wọn sọ̀rọ̀. Òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan tí wọ́n fi òkúta tẹ̀ nínú àpò wà lára aṣọ wa, ó wà lára ìwé wa. Tíṣà wa máa ń sọ pé òun lè fi imú nìkan pe orúkọ gbogbo ọmọ agbo ilé wa. Àárọ̀, èkuru àti ẹ̀kọ. Ọ̀sán, gàrí tútù àti kúlíkúlí. Alẹ́, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá. Mo ti jẹ oúnjẹ tó dára ju ìyẹn lọ láti ìgbà náà, n kò tíì jẹ èyí tó dùn tó o.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni ìdí ààrò. Wọ́n á jókòó ti agbada, wọ́n á máa fi igbá da gàrí síhìn-ín sọ́hùn-ún, èéfín ò sì dí wọn lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Àjọkẹ́, oríkì mi, ni wọ́n ń pè mí. Síkírátù tí wọ́n sọ mí, wọ́n ní ti ilé kéwú nìyẹn, kí n lọ máa jẹ́ ẹ níbẹ̀. Bí mo bá kọjá, wọ́n á bu gàrí gbígbóná díẹ̀ sí mi lọ́wọ́, èmi á máa jù ú láti ọwọ́ kan sí èkejì, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Àbíkẹ́yìn ọmọkùnrin wọn ni Bùrọ̀dá Búràímọ̀, tí wọ́n ti lọ sí ìlú òyìnbó kí wọ́n tó já mi lẹ́nu ọmú. Iṣẹ́ rédíò títún ṣe ni Bùrọ̀dá Búràímọ̀ kọ́. Wọ́n ní kí bàbá àwọn fún àwọn ní yàrá kan lójúde kí wọ́n fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, bàbá ní kò sí àyè, gàrí ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Bùrọ̀dá ní ó dáa, àwọn á lọ wá àyè níbòmíràn. Wọ́n lọ. Lẹ́tà méjì dé, ìkẹta ò dé. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ kò ju tẹlifíṣàn onílẹ̀kùn kan, òkú tẹlifíṣàn tí ẹnì kan ti sọ nù, tí wọ́n jókòó tì ní ọ̀ọ̀dẹ̀ fún oṣù kan gbáko títí tó fi jí.

Tẹlifíṣàn yẹn ni a fi wo ọkọ̀ ojú sánmà. Bátìrì mọ́tò la fi ń tàn án, a so èrìà rẹ̀ mọ́ orí ọparun lẹ́yìn ilé, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, ojú gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ á wọ́. Ọjọ́ Sunday ni, lẹ́yìn ìrun Aláàsárì. Bàbá mi ti ṣòfin pé kò sẹ́ni tí yóò fi ọwọ́ lásán wo tẹlifíṣàn nílé òun, nítorí náà tọmọdé tàgbà ló ń gbé ọ̀bẹ àti ẹ̀gẹ́ wá. Àpá ṣì wà ní ìka ìfábẹ̀lá mi títí dòní, níbi tí mo ti gé ara mi lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ páànù jábọ́. Mo máa ń fi han Hàníífà pé ibi tí fíìmù ti ṣe mí léṣe rèé.

Ẹni tó ń túmọ̀ fíìmù fún wa ni Àǹtí Rábì, àbúrò bàbá mi obìnrin, tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ tíṣà ní Ìbàdàn tí wọ́n sì máa ń wálé lópin ọ̀sẹ̀. Wọ́n á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn bí lèmọ́mù níwájú àwọn èèyàn, wọ́n á máa sọ ohun tí òyìnbó ń wí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni wọ́n ti ṣì í. Ọ̀rọ̀ tí òyìnbó fi ń pe òfuurufú tí ìràwọ̀ wà, òun náà ni wọ́n fi ń pe àyè tí èèyàn ń wá lórí bẹ́ǹṣì. Ohùn kan ń ṣàlàyé bí ọkọ̀ ṣe gbéra, Àǹtí Rábì sì ní, "Wọ́n ní àwọn ń lọ sínú àyè."

Bàbá mi gbé ọ̀bẹ dúró. "Àyè wo?"

"Àyè ńlá kan ni, ẹ̀gbọ́n mi. Òkè lọ́hùn-ún ló wà."

"Wọ́n kúrò nílé tìtorí àyè? Ṣé ilé ò gbà wọ́n ni?"

Mo rí ojú Àǹtí Rábì. Wọ́n ti mọ̀ pé àwọn ti ṣì í, ṣùgbọ́n gbogbo agbo ilé ló ń wò wọ́n lẹ́nu, tíṣà ọ̀la kò sì fẹ́ kó ọ̀rọ̀ jẹ. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ilé ò gbà wọ́n."

Ìyá Àgbà, tí wọn kò tíì fi ààrò sílẹ̀ wo tẹlifíṣàn rí, bọ́ síta pẹ̀lú igbá lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ilé ò gbà wọ́n? Bíi ti Búràímọ̀ mi." Wọ́n súnmọ́ tòsí, wọ́n wo Kápútéènì tó ń rẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti kírun tán lọ́jọ́ Sunday, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé àpótí síwájú. Nínú agbo ilé wa, fíìmù náà ò ní orúkọ mìíràn mọ́ ju Àwọn Tó Ń Wá Àyè lọ.

Bí Kápútéènì bá ti la ẹnu, Ìyá Àgbà á ní, "Kí ló wí?" Àǹtí Rábì á sọ ohun tó wí, wọ́n á sì fi tiwọn bọ̀ ọ́. Ó ní òtútù ń mú àwọn níbẹ̀. Ó ní oúnjẹ ibẹ̀ ò ní iyọ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun kí ìyá òun. Ó ní ṣé àyè ti wà nílé? Ibi tí èyí bá dé, Ìyá Àgbà á na ọrùn sí tẹlifíṣàn, wọ́n á kígbe pé, "Àyè wà nílé o! Máa bọ̀!" Àwa ọmọdé á gbè é lẹ́yìn wọn bí ẹni ń gbe orin àlọ́: àyè wà nílé o, máa bọ̀! Bàbá mi, tí kì í rẹ́rìn-ín, á tẹ orí ba, á máa bó ẹ̀gẹ́ kíákíá. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé yàrá ojúde ti ṣófo láti ìgbà tí bàbá àgbà ti jáde láyé. Ìyá Àgbà ti kó gàrí kúrò níbẹ̀, wọ́n ń gbá a ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀.

Ọdún yẹn náà ni òyìnbó là sí mi létí. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lónìí, ni mò ń gbọ́ méjì lọ́la, ó sì ń gùn mí. Mo ti ń fura pé ohun tí Àǹtí Rábì ń sọ máa ń gùn ju ohun tí Kápútéènì sọ lọ. Ọjọ́ Sunday kan, Kápútéènì dúró lójú fèrèsé ọkọ̀, kò rẹ́rìn-ín, ó sọ gbólóhùn kan péré. Mo gbọ́ ọ tán porogodo. Ìyá Àgbà ní, "Kí ló wí?" Àǹtí Rábì ní, "Ó ní gàrí ń wu òun. Ó ní tí òun bá délé, ìdí ààrò ìyá òun ni òun á kọ́kọ́ lọ." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo dìde láàárín agbo, mo ní, "Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò ní padà sílé mọ́ láéláé. Kì í sì í ṣe àyè ni wọ́n ń wá, sánmà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀."

Ọ̀bẹ dákẹ́. Ìyá mi ti gbá mi létí kí n tó jókòó, wọ́n ní ẹyin lohùn, ṣé n kò mọ̀ ni? Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ni mò ń wò. Wọn ò bínú. Wọ́n wò mí bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí mi nìyẹn, wọ́n sì fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, "Ta ló ní kó o tún un ṣe? Ṣé ó bàjẹ́ ni?" Wọ́n gbé àpótí wọn, wọ́n padà sídìí ààrò.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, èmi ni mo ru báàgì Àǹtí Rábì dé ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Ìbàdàn. Ẹsẹ̀ wọn kan ti wà nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó ní, "O rò pé mi ò gbọ́ ohun tó sọ ni? Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá sóòrùn, Síkírá." Mo dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ fi lọ. Ọmọ tó gba máàkì tó pé nínú òyìnbó nílé ìwé ni mí, mo sì mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé n kò gbọ́ nǹkan kan.

Ìyá Àgbà kò wá wo tẹlifíṣàn mọ́. Bí mo bá kọjá nídìí ààrò, wọ́n ṣì ń bu gàrí gbígbóná sí mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Síkírátù ni wọ́n ń pè mí. Lójoojúmọ́ ni mò ń pinnu pé n ó lọ bá wọn, n ó sọ pé mo ṣì í gbọ́ ni, pé Kápútéènì ní kí n kí wọn. Ojú ń tì mí. Mo ní tó bá di Sunday tó ń bọ̀. Ọyẹ́ dé, ikọ́ mú wọn, a sin wọ́n kí àgbàdo tuntun tó jáde. Kò sẹ́ni tó sọ pé ọ̀rọ̀ mi ló ṣe é, ikọ́ ló ṣe é. Ṣùgbọ́n mo gba nǹkan lọ́wọ́ wọn tí n kò dá padà, ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Bùrọ̀dá Búràímọ̀ náà kò padà wá. Ọdún pípẹ́ lẹ́yìn náà ni ọmọ wọn kan kọ̀wé pé ọ̀hún ni wọ́n kú sí. Èmi wá di tíṣà, tíṣà òyìnbó, mo fi báírò pupa tún ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ mi ọkùnrin bá mi wá ojúlówó fíìmù náà rí, ti ìgbà èwe mi gan-an, ó gbé e sórí fóònù mi. Inú mi dùn débi pé mo gba ààwẹ̀ ọ̀rọ̀, mo ní kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo wò ó látòkèdélẹ̀. Kápútéènì ò ní ìyá. Kò dárúkọ ìyá rí. Kò sọ̀rọ̀ oúnjẹ, kò kí ẹnikẹ́ni, ẹ̀rín rẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú mi kò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo sunkún bí ọmọ tó sọ owó ọjà nù. Fíìmù tí mo ti ń tìtorí rẹ̀ bá gbogbo àwọn alátùn-únṣe jà látọjọ́ yìí, kò sí lórí ẹ̀rọ kankan láyé. Ẹnu Àǹtí Rábì ló wà. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ tún un ṣe, pẹ̀lú àṣìṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n sì tún un ṣe ju ti àwọn tó ni ín lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti dín ẹjọ́ mi kù díẹ̀. Ìyá Àgbà fúnra wọn, àlọ́ kan náà ni wọ́n lè pa fún wa lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò ní jọra. Lónìí ọba á jẹ́ ìkà, lọ́la á jẹ́ òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í yí orin rẹ̀, torí orin ni tiwa, àwa la máa gbè é. Ohun tí mo ń wá nínú fíìmù tí wọ́n bá tún ṣe kò ju ìyẹn lọ mọ́. Ẹ fi obìnrin ṣe Kápútéènì, ẹ kun ọkọ̀ láwọ̀ tó bá wù yín, ẹ ṣáà jẹ́ kí ibi kan wà tí àwa tó wà nílé lè gbè.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo mú Hàníífà lọ sí Lálúpọn. Àǹtí Rábì ló kù nínú agbo ilé, àwọn ni gbogbo ọmọdé ibẹ̀ ń pè ní Ìyá Àgbà báyìí. Ojú wọn ti ṣú, etí wọn náà ò já geere mọ́. Ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ṣì ń pariwo lẹ́bàá ọjà. Mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní ọ̀ọ̀dẹ̀, mo fi ẹ̀pà sísè síwájú wọn, mo ní kí Hàníífà tan fíìmù tuntun náà. Mo ní, "Ẹ gbọ́, àwọn èèyàn yín ni o. Wọ́n tún ti jáde."

"Àwọn wo?"

"Àwọn Tó Ń Wá Àyè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. A ń wò ó lọ, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, mò ń bú àwọn tó ṣe é nítorí òkùnkùn. Ó wá kan ibi tí Kápútéènì dúró lójú fèrèsé. Ó sọ gbólóhùn kan péré. Ó ní ilé ti jóná, kò sí ibi tí àwọn ń padà sí mọ́. Àǹtí Rábì yí etí sí mi.

"Àjọkẹ́, kí ló wí?"

Kò sí ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yẹn. Mo ní, "Ó ní kí wọ́n bá òun kí ìyá òun. Ó ní ṣé àyè ti wà nílé?"

Hàníífà, tó gbọ́ òyìnbó jù mí lọ, la ẹnu. Mo mọ ẹnu yẹn, tèmi ni. Mo ki ẹ̀pà bọ̀ ọ́. Etí ẹnu Àǹtí Rábì ń mì. Wọ́n mọ̀. Tíṣà ni wọ́n, ta ni mo fẹ́ tàn? Wọ́n wá na ọrùn sí fóònù náà, wọ́n fi gbogbo ohùn tó ṣẹ́kù fún wọn kígbe pé, "Àyè wà nílé o! Máa bọ̀!"

Hàníífà wò wọ́n, ó wò mí, ó gbé ẹ̀pà mì. Ó fa àpótí rẹ̀ súnmọ́ wọn.

"Ìyá Àgbà," ó ní, "kò gbọ́ o. Ẹ tún un pè."